Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi fi máa ń wọn ibi tí ògiri pálọ̀ wa ti sán. Bí ọyẹ́ bá dé, ìgbálẹ̀ náà á wọ inú ògiri dé ìdajì. Bí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kò ní ráyè wọlé mọ́. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ó ti jinná." Bí ọyẹ́ bá tún padà dé, ògiri á tún lanu.

Ilé wa kò jìnnà sí Lotto ní Mowe, níbi tí ariwo tírélà kì í ti í dákẹ́ lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó wọ pálọ̀ náà tí kò ní àlàyé tirẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní bíríkìlà ló jí sìmẹ́ńtì. Aládùúgbò wa kan ní tírélà ló ń mi ilẹ̀ tìtì. Ìyá mi ní kí a fi àdúrà sí i. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tó wà lọ́kàn tiwọn ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: wọ́n fẹ́ gbé yàrá mẹ́rin lé orí ilé náà, kí wọ́n gba ayálégbé sí i, kí owó ilé lè máa wọlé fún wọn lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan fi dá wọn lójú pé ilẹ̀ náà lè gbé e.

Èmi ni mo fi ara mi sínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo wọ ọdún kẹrin ní ẹ̀ka wa, tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n wá àkòrí wá, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú amọ̀ tí ilé wa jókòó lé. Mo bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá mẹ́ta. Ọ̀kan wá láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Lotto. Ọ̀kan wá láti inú ìpìlẹ̀ tuntun tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ibafo. Ẹ̀kẹta wá láti ẹ̀gbẹ́ kànga ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ifo, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí kò sì jìnnà sí Ewékorò tí wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Bàbá mi rí àwọn ọ̀rá náà nílẹ̀ yàrá mi, wọ́n sọ mí ní "dókítà ilẹ̀" láti ọjọ́ yẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá amọ̀ ṣiṣẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́. Amọ̀ kì í ṣe eruku lásán. Bí ẹ bá pò ó mọ́ omi dáadáa nínú gíláàsì gíga, tí ẹ fi sílẹ̀ kí iyanrìn rì, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 8, ohun tó ṣì ń léfòó nínú sẹ̀ǹtímítà 10 òkè kò ní tóbi ju máíkírómítà 2 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ kírísítálì. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò létòlétò, wọ́n tẹ́ bí ewé pẹlẹbẹ, ewé sì wà lórí ewé bí ojú-ìwé nínú ìwé. Bí àwọn ewé náà ṣe di ara wọn mú ni ó ń pín amọ̀ sí ìdílé-ìdílé.

Nínú kaolinite, láti ewé kan dé èkejì jẹ́ nánòmítà 0.72. Wọ́n di ara wọn mú gírígírí, omi kì í ráàyè wọ àárín wọn. Nínú mica, ó jẹ́ nánòmítà 1.0, òun náà kì í ṣí ilẹ̀kùn fún omi. Ṣùgbọ́n smectite yàtọ̀. Bí ó bá gbẹ pátápátá, ó jẹ́ nǹkan bí 1.0, bí omi bá dé, ewé á ya kúrò lára ewé, á lè dé 1.5. Ilẹ̀ tó bá ní smectite púpọ̀ á wú lásìkò òjò, á sún kì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé tó jókòó lé e á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀, ara ògiri ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹni tó ka ìpínrọ̀ yìí tán, tó sì rántí ẹyọ ìgbálẹ̀ bàbá mi, ti mọ ìdáhùn ṣáájú mi. Èmi kò rántí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ kaolinite.

Láti ọdún 1912 tí Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ta X-ray sí kírísítálì ní Jámánì ni àwọn onímọ̀ ti ń fi X-ray wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò. Ìtànṣán náà á wọ inú kírísítálì, á sì jáde ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí ètò àwọn átọ́ọ̀mù gbà á láyè láti gbà. Àmì tó fi sílẹ̀ lára fíìmù ni a fi ń ṣírò ètò náà. Ohun tí à ń pè ní diffraction nìyẹn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé, nínú láàbù, X-ray máa ń fẹ́ kírísítálì tó tó nǹkan bí ìdámẹ́wàá mílímítà kó tó lè wo ẹyọ kan ṣoṣo. Amọ̀ kéré sí ìyẹn nígbà àádọ́ta. Nítorí náà, a máa ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ pọ̀ bí ìyẹ̀fun, a ó wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ rò ó bí ẹni tó dúró sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mowe ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo kọ̀ńdọ́ ló ń pariwo: Bẹ́gà! Òjọ́ta! Ọ̀yìngbò! Ẹ ó gbọ́ orúkọ ibi tí ọkọ̀ púpọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wà tó ń lọ sí Ofada, tí ohùn kọ̀ńdọ́ rẹ̀ sì wọlẹ̀, ohùn rẹ̀ á sọnù sínú ariwo. Bí iṣẹ́ X-ray lórí ìyẹ̀fun ṣe rí nìyẹn. Ó ń sọ ti èrò, kì í sọ ti ẹnì kan.

Èsì ti Lotto jáde. Ní ìgun 12.3, òkè gíga kan dìde gannungannun: kaolinite. Ní ìgun 5.9, òkìtì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ga, tó tẹ́ rẹrẹ. Ìgun 5.9 ni ibi tí nánòmítà 1.5 máa ń wà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àtẹ náà wà níwájú mi. Mo mú bírò, mo kọ "ariwo ẹ̀rọ" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Kò sí ẹni tó rọ̀ mí kí n kọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ mi wo èsì náà, wọn kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Wọ́n ní, "Èrò lo gbọ́ ohùn wọn yìí. Lọ wá bí wàá ṣe rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni a fi ń rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1927, Davisson àti Germer ní Amẹ́ríkà, àti G. P. Thomson ní Aberdeen ní Scotland, fi hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń hùwà bí ìgbì, tó fi jẹ́ pé kírísítálì lè ya á sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bó ṣe ń ṣe sí X-ray. Bàbá Thomson yìí, J. J. Thomson, ni ó ṣàwárí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1897 gẹ́gẹ́ bí hóró. Bàbá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, ọmọ gba tirẹ̀ ní 1937 nítorí pé ó fi hàn pé ohun tí bàbá òun pè ní hóró jẹ́ ìgbì pẹ̀lú. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Apá ibi tí kálukú ti wò ó ló yàtọ̀.

Bí a bá fi fólítì 200,000 lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, gígùn ìgbì rẹ̀ á jẹ́ nánòmítà 0.00251, ó kúrú ju ti X-ray tí bàbà ń mú jáde nínú láàbù wa lọ ní nǹkan bí ìgbà ọgọ́ta. Ó sì máa ń kọlu átọ́ọ̀mù ju bí X-ray ṣe ń kọlù ú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ amọ̀ tó kéré jù fún X-ray fi tó fún un. Mágínẹ́ẹ̀tì sì lè darí rẹ̀ bí awò ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀. Lórí èyí ni Knoll àti Ruska gbé maikirosíkóòpù oní-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kalẹ̀ ní 1931. Ẹ̀rọ kan náà á fi àwòrán ẹyọ amọ̀ náà hàn yín. Bí ẹ bá tún awò inú rẹ̀ ṣe, á fi àmì diffraction rẹ̀ hàn yín.

A kò ní irú ẹ̀rọ yìí ní ẹ̀ka wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa kan, tó jáde ní ẹ̀ka yìí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú mi, wà ní Gúúsù Áfíríkà tó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé. Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp, n kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n ní kí n kán ẹ̀kán omi amọ̀ sórí àwọn asẹ́ bàbà róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3, kí n jẹ́ kí ó gbẹ, kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n ní bí àyè bá yọ lẹ́yìn iṣẹ́ tiwọn, àwọn á bá mi wò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Àwòrán márùn-ún. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì funfun mẹ́fà yí àmì ńlá kan ká ní àárín òkùnkùn, wọ́n jìnnà síra dọ́gbadọ́gba, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ tò wọ́n. Yàtọ̀ sí iyì rẹ̀ lójú, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa nìyí, tí a ń gbá, tí adìyẹ ń ha.

Mo mú rúlà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ ó wọn bí àmì ṣe jìnnà sí àárín, ẹ ó fi pín iye tó dúró fún ẹ̀rọ náà. Iye ti ẹ̀rọ yẹn jẹ́ 2.01 tí a bá fi nánòmítà àti mílímítà ṣírò. Mo wọn mílímítà 4.5. Ó fún mi ní nánòmítà 0.447. Mo wo àtẹ: kaolinite, 0.447. Mo fò sókè.

N kò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe bàbá mi. Mo ní, "Dádì, ilẹ̀ wa kò ní wàhálà. Mo ti rí i lójú ara mi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, dókítà ilẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀pá irin ti wà nílẹ̀ nínú ọgbà wa, òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n fi ń da dẹ́kìn náà ti dé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n wa tó fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Àbúrò, má bínú, iṣẹ́ pọ̀. Àwọn àwòrán yẹn, mi ò tíì yí wọn o. Òkè nìkan ni mo wò. Má tíì kọ nǹkan kan."

Mo pè wọ́n padà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọ̀n ọ́n, kaolinite ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọn mica wò fún mi. Wọn smectite náà." Mo ṣe é. Kaolinite, mílímítà 4.49. Smectite, nǹkan bí 4.47. Mica, nǹkan bí 4.46. Rúlà ilé-ìwé ni mo fi wọn èyí tí mo fi dá bàbá mi lójú. Ohun tó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó irun.

Ìdí rẹ̀ rọrùn, ojú sì tì mí nígbà tí mo lóye rẹ̀. Gbogbo ìdílé amọ̀ wọ̀nyí ló ní irú ewé kan náà nínú, èyí tí sílíkọ̀nù àti ọ́síjìn hun bí afárá oyin, onígun mẹ́fà. Bí a bá wò wọ́n láti òkè, wọ́n jọ ara wọn. Bí ewé ṣe gorí ewé, àti àlàfo tó wà láàárín wọn, ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé mẹ́ta kalẹ̀ lórí tábìlì, tí ẹ sì wo èèpo wọn láti òkè nìkan, ẹ kò lè mọ èyí tó nípọn jù. Ẹyọ amọ̀ tó bá sì ti gbẹ sórí asẹ́ máa ń sùn gbalaja. Èèpo rẹ̀ nìkan ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ láti òkè ń rí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi rí ẹ̀fà, mo sáré lọ sọ fún bàbá mi.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ pàdé ìṣòro yìí. Linus Pauling ti ya bí ewé kaolinite ṣe yẹ kí ó tò ní 1930, ṣùgbọ́n kírísítálì rẹ̀ kéré jù láti fi X-ray wo ẹyọ kan. Ní Moscow, Boris Zvyagin mú fíìmù tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ amọ̀ sùn lé, ó dá a sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gba ìhà wọlé sí i, ó sì fi àmì tó jáde ṣírò ètò kaolinite. Ọdún 1960 ni ó tẹ èsì náà jáde, ọdún kan náà tí Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún irú iṣẹ́ yìí. Ìdí ni pé bí ó ṣe ń kọlu átọ́ọ̀mù púpọ̀ yẹn, ó lè kọlu ọ̀kan, kó tún kọlu òmíràn kó tó jáde, títàn àmì á sì wá máa ṣini lọ́nà.

Ní 2007, Ute Kolb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mainz, ní Jámánì, gbé ọ̀nà kan jáde: kí a mú ẹyọ kírísítálì kan ṣoṣo, kí a máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí a máa ya àwòrán ní ìyísí kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a lè rí i ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Bí ẹyọ náà kò bá sì dúró gbọnrangandan síwájú ìtànṣán, kíkọlù lọ́pọ̀ ìgbà yẹn máa ń dín kù. Ní 2013, ẹgbẹ́ Tamir Gonen ní Amẹ́ríkà fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí ètò puròtéènì kan, lysozyme. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan láti Switzerland àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn bu ìyẹ̀fun láti inú kápúsù òògùn òtútù tí wọ́n ń tà lọ́jà, oríṣiríṣi nǹkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mú ẹyọ paracetamol kan nínú rẹ̀, wọ́n rí bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè jẹ́ fún ìlú tí ayédèrú òògùn ti ń pààyàn.

Ẹ̀gbọ́n wa gba àyè mìíràn lórí ẹ̀rọ náà. Wọ́n yí ẹyọ amọ̀ Lotto mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti apá kan dé apá kejì títí dé ibi tí ẹ̀rọ lè yí i dé. Méje nínú wọn fi àlàfo bíi 0.7 hàn: kaolinite. Mẹ́rin fi 1.0 hàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mica ni mẹ́rin yẹn, àbí? Mica kì í wú." Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pá irin bàbá mi.

Wọ́n ní, "Àbúrò, kí ló wà nínú maikirosíkóòpù?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ó yé mi. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀rọ náà rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ á dí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà. Níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, omi àárín ewé smectite á gbẹ, ewé á padà sún mọ́ ewé, á di 1.0, á wá jọ mica. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wá ohun tó ń wú ti fa omi tó ń mú un wú jáde kí n tó wò ó. Ẹ̀gbọ́n wa ní àmì mẹ́ta nínú mẹ́rin náà kò mọ́lẹ̀ ṣáká bí ti mica, ó fà gbọọrọ bí ẹni fẹ́ di òrùka, ìyẹn sì jọ smectite tí ewé rẹ̀ kò gún régé lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè búra.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ èrò, ìyẹn X-ray wa. Bí a bá gbé amọ̀ sínú ooru glycol, ẹbí omi tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ ní ìlú òtútù, glycol á wọ àárín ewé smectite, á fẹ̀ ẹ́ dé nánòmítà 1.7. Mica àti kaolinite kò ní mira. Mo fi amọ̀ Lotto sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òkìtì kékeré tó wà ní ìgun 5.9 sún lọ sí 5.2. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo wo ibi tí mo kọ "ariwo ẹ̀rọ" sí. Ariwo kì í sún nípò nítorí pé a fún un ní glycol.

Mo tún sun òmíràn dé ìwọ̀n 550 lórí ìwọ̀n Celsius, òkè gíga tó wà ní 12.3 pòórá, bó ṣe yẹ kí kaolinite ṣe. Nítorí náà, n kò parọ́ pé kaolinite wà níbẹ̀, òun ló pọ̀ jù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí èyí tó pọ̀ bo èyí tó ń ṣe wàhálà mọ́lẹ̀. Amọ̀ Ibafo náà sún, ṣùgbọ́n kò tó ti Lotto. Ti Ifo kò sún rárá. Ọ̀rá mẹ́ta péré ni mo ń sọ yìí o. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ yín ní Mowe, ẹ má sì sáré lọ ra ilẹ̀ ní Ifo.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé ní ọjọ́ Sátidé. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Bàbá mi wà nínú ọgbà, wọ́n ń fi ọ̀rá bo ọ̀pá irin kí òjò má bàa mú un dípẹtà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Dádì, ohun tí mo sọ fún yín nípa ilẹ̀, mo yára sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O ní o rí i lójú ara rẹ."

Mo ní, "Mo rí i, sà. Apá kan ni mo rí."

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Ó wá dá ọ lójú báyìí, àbí ó tún kù?" Mo ní ohun tó dá mi lójú ni pé amọ̀ tó ń wú wà níbẹ̀, bí yóò ṣe wú tó lábẹ́ ilé, iṣẹ́ mi kò lè sọ ọ́, ẹnjiníà tó ń yẹ ilẹ̀ wò ló lè sọ ọ́. Mo wá rántí, mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Dádì, ìgbà wo ni ògiri máa ń lanu?" Wọ́n ní, "Ìgbà ọyẹ́ ni. O kò béèrè rí."

Ẹnjiníà wá, ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ó yẹ bí ilẹ̀ náà ṣe ń mu omi tó àti bó ṣe ń sún kì. Ó ní kí wọ́n má gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ìpìlẹ̀ yẹn. Ó ní kí wọ́n la gọ́tà kí omi òrùlé má máa dúró sí ẹsẹ̀ ògiri, kí wọ́n sì hú igi tó sún mọ́ ilé jù, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá mi ta ọ̀pá irin náà, àdánù wà nínú rẹ̀. Wọn kò bú mi. Ó ìbá dùn mọ́ mi bí wọ́n bá bú mi.

Nígbà tí mo fẹ́ tẹ iṣẹ́ mi jáde, ó wù mí kí n yọ ojú-ìwé tí mo kọ "ariwo ẹ̀rọ" sí kúrò. Ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀; ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìwé, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà ìdáàbòbò, òun ni wọ́n fi ìdajì wákàtí bi mí ní ìbéèrè lé lórí.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ yín ló máa ń sọ pé ẹ̀rọ tí a kò ní ló ń dá wa dúró. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà ní agbègbè wa: ní 2016, àwọn onímọ̀ kírísítálì ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé gbogbogbòò wọn àkọ́kọ́ ní Dschang ní Kamẹrúùnù, láti 2019, X-TechLab tó wà ní Sèmè City ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kò jìnnà sí Èkó rárá, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ X-ray lórí kírísítálì. Ẹ wá wọn lọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ sì ti wà níbi tí ẹ̀rọ wà, wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́ yín lè gba ilé kan là. Ẹ ti rí i báyìí. Àmọ́ ẹ̀rọ kọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Kí ẹ̀rọ tó dé ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó sọ.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Bàbá mi ti fi bírò fa ìlà mílímítà sí i lára. Wọ́n ra ìwé kékeré kan, wọ́n ń kọ déètì àti bí ó ṣe wọlé tó sínú rẹ̀ lóṣooṣù. Láti ìgbà tí wọ́n ti la gọ́tà, ó ti ń dín kù, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé ó ti jinná mọ́. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ọyẹ́ mìíràn bá kọjá.